Ẹ̀jẹ́ Tí Nàìjíríà Jẹ́, Ta Ni Yóò San Án?



Onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò wa wá bá mi pé kí n bá òun bi Ifá. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, epo sì ti ń gbé èrè rẹ̀ jẹ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Ó fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi ra sólà. Ifá fọre, mo sì yan ẹbọ fún un. Bó ṣe dìde ló tún ní, "Bàbá, ṣé ìjọba ò ní fòfin dè é kí n tó rówó náà gbà?" Mo ní ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà, ti Àbújá ni.

Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Lọ́dún 2025, mínísítà tó ń bójú tó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé ìjọba fẹ́ fòfin de kíkó páńẹ́ẹ̀lì sólà wọlé, kí àwọn tó ń ṣe é nílé lè rọ́wọ́ mú. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ó tọ́, pé NASENI ń ṣe é ní Karshi l'Ábújá, ìgbà wo la ó dẹ́kun kíkó owó wa fún Ṣáínà? Àwọn kejì ní ti ilé kò tíì tó, pé ọ̀wọ́n gógó ni yóò dé, mẹ̀kúnnù yóò sì padà sídìí jẹnẹrétọ̀.

Èmi tí mo ń sọ pé ká gbé ohun tiwa lárugẹ kò lè ta ko àwọn tìkínní. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin iṣu lónìí ṣì gbọ́dọ̀ ra iṣu jẹ lọ́jà títí tirẹ̀ yóò fi ta.

Ẹ̀jẹ́ kan sì wà nílẹ̀. Ní Glasgow, lóṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tí igi àti ilẹ̀ lè gbà mọ́ra lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ òrìṣà mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ san án. A sì ti jẹ irú gbèsè yìí rí: òfin ní kí iná gáàsì Niger Delta kú láti ọdún 1984, ó ṣì ń jó dòní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa oníṣẹ̀ṣe gbọ̀ngbọ̀n. Bí gáàsì ìdáná bá ti wọ́n, èédú ni àwọn olóúnjẹ ń rà. Igbó tí olúwo mi ti kọ́ mi ní ewé, igi rẹ̀ ti di èédú. Tí a bá fẹ́ pe Ọ̀sanyìn lọ́la, ewé wo la ó fi pè é?

Ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ìjọba má ti ìlẹ̀kùn. Kó yá àwọn tó ń ṣe sólà nílé lówó, kó sì máa yẹ ayédèrú wò ní èbúté. Bí ti ilé bá pọ̀, tó sì dára, mẹ̀kúnnù fúnra rẹ̀ ni yóò yà síbẹ̀. Ẹ̀yin gómìnà wa náà, òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún yín láyè láti pèsè iná fún ìpínlẹ̀ yín; ẹ má ti gbogbo ẹrù sí Àbújá lọ́rùn.

Bí Ifá bá yan ẹbọ, bí agbára oníkálukú bá ṣe mọ ló ń rú u. Ọlọ́rọ̀ mú ewúrẹ́ wá, tálákà mú ẹyẹlé. Ilé Ààrẹ ya bílíọ̀nù 10 náírà sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdún 2025 fún sólà tirẹ̀. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra ewúrẹ́ fún ẹbọ tirẹ̀, kó má gba ẹyẹlé ọwọ́ onígbàjámọ̀.

Ire o.