Àwọn Òṣìṣẹ́ Àìfojúrí Inú Omi: Ohun tí Ọ̀sà Èkó Ń Sọ fún Wa

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn onígbá-méjì ti bẹ́ sílẹ̀, tí Erékùṣù Èkó, Kóṣọ̀fẹ́, Etí-Ọ̀sà àti Ìkòròdú sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè ni pé: omi wo ni kí a mu? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n a rò pé òmíràn yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: kí ni à ń fún omi jẹ? Ohun tí a bá dà sínú odò, kànga àti ọ̀sà ni oúnjẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú wọn. Ohun tí wọ́n bá sì jẹ ni wọn yóò fi sọ omi náà di ire tàbí ibi fún wa.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò àìfojúrí ni ọ̀tá. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ wọn láìrí wọn. Bí a bá gbálẹ̀ gbálọ̀nà, ààtàn ni à ń darí rẹ̀ sí. Síbẹ̀, ẹ̀bá ààtàn kan náà ni tẹ̀tẹ̀ ti máa ń rúwé dáadáa. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ó ń jẹ èèpo iṣu, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran, tí wọ́n sì ń dá èròjà inú wọn padà sí ilẹ̀ kí irúgbìn tún lè rí i lò. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú omi, ṣùgbọ́n níbẹ̀, iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n.

Afẹ́fẹ́ inú omi kò pọ̀

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ìwọ̀n náà. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ti ilẹ̀ wa, ọ́síjìn tí lítà omi kan lè gbà mọ́ra kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 lọ. Omi tó tutù bíi yìnyín lè gbà ju 14 lọ. Ìyẹn ni pé omi ilẹ̀ olóoru kò ní ọ́síjìn púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da ìdọ̀tí sí i. Bí ìdọ̀tí bá mọ níwọ̀n, àwọn kòkòrò yóò jẹ ẹ́ tán, omi yóò sì tún mọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, wọn yóò bí sí i, wọn yóò mí ọ́síjìn tán kí afẹ́fẹ́ òkè tó dí i padà, ẹja yóò sì máa yọ orí sókè láti wá èémí.

Bí ọ́síjìn bá tán, iṣẹ́ kò dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ni yóò gba ipò. Nínú ọ̀sà Èkó, tí omi òkun ń wọ̀ láti ọ̀nà èbúté, àwọn bakitéríà kan ń lo sọ́fétì tó wà nínú omi òkun dípò ọ́síjìn, gáàsì tí wọ́n sì ń tú jáde a máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ní Òkóbàbà, lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibùdó ìlagi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ inú omi. Igi kì í tètè jẹrà. Nítorí náà, kíkó ibùdó ìlagi lọ sí Àgbọ̀wà, bí ó ti dára tó, kò lè mú omi náà mọ́ lójijì: ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ ọ̀sà ṣì ní oúnjẹ àná láti jẹ.

Ajílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà

Èròjà inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ kì í parun. Àwọn bakitéríà kan ń sọ amóníà inú wọn di náítíréètì, èyí tó wà lára ohun tí àgbẹ̀ ń fowó rà ní ajílẹ̀. Bí ó bá dé ọ̀sà, tòun ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ewéko orí omi ni ó ń bọ́. Láti ọdún 1984 tí a ti kọ́kọ́ rí koríko orí omi olódòdó àlùkò ní agbègbè Àgbádárìgì, ó ti di àlejò tí kò mọ ilé lọ. Ní ìgbà òjò, tí omi odò Ògùn àti àwọn odò yòókù bá lé iyọ̀ sẹ́yìn, yóò tẹ́ lọ bí ẹní, apẹja kò sì ní rí ọ̀nà gbà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun yóò pa á, òkú rẹ̀ yóò rì, àwọn kòkòrò yóò jẹ ẹ́, èròjà rẹ̀ yóò sì padà sínú omi. Ẹni tó ń kó koríko náà kúrò láìdí orísun ajílẹ̀ rẹ̀, ajere ni ó fi ń pọn omi.

Kànga àti ṣáláńgá

Ọ̀rọ̀ náà kò tán sí ọ̀sà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ilẹ̀ kò fẹ̀, kànga àti ṣáláńgá ń bá ara wọn ṣe aládùúgbò. Ilẹ̀ a máa sẹ́ omi, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn a sì máa kú sójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń dámọ̀ràn ó kéré tán mítà 30 láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, tí omi abẹ́ rẹ̀ sì sún mọ́ òkè, ọ̀nà náà kúrú.

Náítíréètì ní tirẹ̀ kì í dúró sínú iyanrìn. Ó ń bá omi lọ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ó lè ṣàkóbá fún agbára ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ láti gbé ọ́síjìn. Ibí ni ó yẹ kí àwọn ìyá ọlọ́mọ fetí sí: omi sísè ń pa kòkòrò onígbá-méjì, ṣùgbọ́n kò lè lé náítíréètì. Bí omi bá ti ń fà lórí iná, ńṣe ni èyí tó wà nínú rẹ̀ ń ki sí i. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Àyẹ̀wò nìkan ni a fi lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Lójú tiwa, kílórínì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìlà ààbò ìkẹyìn ni. Odò Ògùn ni àwọn ibùdó ìpọnmi Ìjú àti Adìyán ti ń fa omi. Bí odò náà bá ti dọ̀tí tó ni iṣẹ́ àti owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ibi tí àǹfààní wà jù ni kí a tọ́jú omi ìgbẹ́ kí ó tó dé odò. Ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe idán: àwọn kòkòrò kan náà ni, a kàn fún wọn ní afẹ́fẹ́, àkókò àti ìwọ̀n oúnjẹ tí agbára wọn ká. Ní apá tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, àwọn mìíràn lára wọn yóò sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn, tí yóò padà sínú afẹ́fẹ́ láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ojúṣe ìjọba ni láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí i, láti máa yẹ omi kànga wò déédéé, kí ó sì fi èsì tó ará ìlú létí ní èdè tó yé wọn. Ojúṣe tiwa ni láti jìnnà sí kànga bí a bá ń gbẹ́ ṣáláńgá, láti béèrè ibi tí ọkọ̀ tó kó ìgbẹ́ ilé wa ń lọ dà á sí, kí a sì má ṣe sọ gọ́tà di ààtàn. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ara wa di ọ̀tá rẹ̀.