Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n àti Ihò Dúdú Hawking

Tí àwọn àgbà bá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ ni pé kí àgbà máa gba ìmọ̀ràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kí àgbà gbé ọgbọ́n ẹlòmíràn mì láìjẹ. Àgbà tó ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un, wọn yóò pe òun náà ní òmùgọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó lè bá ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n jìjàkadì, tó sì lè tẹrí ba fún un nígbà tó bá rí i pé òótọ́ ni, ni òwe yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Stephen Hawking, onímọ̀ físíìsì ará Ìlú Ọba tó kú ní 2018.

Ihò dúdú ni ibi tí agbára òòfà ti le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde. Ní 1971, Hawking fi ìṣirò hàn pé ojú ihò náà, ààlà tí ohun tó bá ti kọjá rẹ̀ kò ní padà mọ́, kì í dín kù. Ní Princeton, Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Jacob Bekenstein ń ronú lórí ìbéèrè tí ọ̀gá rẹ̀, John Wheeler, bi í: tí èèyàn bá da ife tíì gbígbóná sínú ihò dúdú, ibo ni rúdurùdu inú tíì náà wọlé sí? Òfin físíìsì kan wà pé rúdurùdu inú ayé, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńtírópì, kì í dín kù. Bekenstein dáhùn pé kò sọnù: ihò dúdú fúnra rẹ̀ ní ẹ́ńtírópì, bí ojú rẹ̀ bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ẹ́ńtírópì náà ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí bí Hawking nínú. Ẹni 30 ọdún péré ni nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yẹn àgbà ni, ó sì rò pé ọmọ náà ṣi àwárí òun lò. Ìgbéraga nìkan kọ́ ló mú un kọ̀. Ohun tó bá ní ẹ́ńtírópì gbọ́dọ̀ ní ìgbóná, ohun tó bá sì ní ìgbóná gbọ́dọ̀ máa tú ooru síta. Báwo ni ihò tí nǹkan kan kì í ti inú rẹ̀ jáde yóò ṣe tú ooru?

Ní 1973 ó lọ sí Moscow. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì níbẹ̀, Yakov Zeldovich àti Alexei Starobinsky, sọ fún un pé lábẹ́ òfin kúáńtọ̀mù, òfin àwọn nǹkan tó kéré jù lọ, ihò dúdú tó ń yí gbọ́dọ̀ máa tu èérún jáde. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá lọ tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìṣirò náà já sí ibi tí kò fẹ́: èyí tí kò yí rárá náà ń tu èérún. Ó rò pé òun ti ṣìṣe. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ba òun kí Bekenstein má lọ gbọ́, kó má fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tí kò yí padà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù kẹta 1974. Ìgbóná tó rí bá ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà mu rẹ́gí. Ká ní ó ti gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá kò ní ṣe ìṣirò yẹn láé. Àtakò rẹ̀ ló di ẹ̀rí, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà lára ẹ́ńtírópì náà lónìí.

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ní 1976, Hawking ní ooru tó ń jáde kò ní àmì ohun tó wọlé, pé tí ihò náà bá tú ooru títí tó fi gbẹ tán, ìtàn gbogbo ohun tó gbé mì ti parẹ́. Òfin kúáńtọ̀mù kò gba irú ìparẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1997, òun àti Kip Thorne, onímọ̀ físíìsì bíi tirẹ̀, bá ẹlẹgbẹ́ wọn John Preskill, tó ní ìtàn náà kì í parẹ́, ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2004, ní ìpàdé kan ní Dublin, Hawking ní òun ti pàdánù, ó sì fún Preskill ní ìwé ńlá kan nípa eré bésíbọ́ọ̀lù. Thorne kò gbà lọ́jọ́ náà. Preskill tó jẹ tẹ́tẹ́ gan-an ní àlàyé Hawking kò yé òun tó. Èyí wú mi lórí púpọ̀: wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ torí pé òun ló sọ ọ́.

Ní 2019, Geoffrey Penington, àti Ahmed Almheiri, Netta Engelhardt pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìṣirò tó fi hàn pé ìtàn ohun tó wọlé ń bá ooru náà jáde, bí Don Page, tó ti bá Hawking ṣiṣẹ́, ṣe là á sílẹ̀ ní 1993. Ọ̀nà tó ń gbà jáde gan-an ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní ayé tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà rọrùn ju ayé tiwa lọ, wọ́n sì ń tún un ṣe fúnra wọn.