Etí Dídi Yàtọ̀ sí Etíkunkun

Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ẹ́ńjìnnì ìtẹ̀nà ìjọba wà lẹ́bàá Ìkẹ́jì-Arákejì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti kọ̀, ó ń tún un ṣe. Ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní òun ti gbọ́ ohùn tó pe òun lórúkọ, tó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di 1930, ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ti ń fa èrò láti ìlú dé ìlú. Lónìí, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìkẹ́jì-Arákejì.

Ká ní ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, tó wá bá yín nílé pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí ohùn kan, kí lẹ ó wí? Àwọn kan á ní kó lọ sùn, oòrùn ti pa á jù. Àwọn mìíràn á ní kó má fi falẹ̀. Láàárín ìdáhùn méjèèjì yìí ni àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa pín sí títí di òní. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Àwọn àkọ́kọ́ ní Ọlọ́run ṣì ń fọhùn. Wọ́n ní bàbá wo ni yóò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọmọ, tí kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé? Ọlọ́run tó pe Sámúẹ́lì lóru, tó bá Èlíjà sọ̀rọ̀ lórí òkè Hórébù, kò tíì yadi. Ìtàn tiwa náà sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Lọ́dún 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn kiri gbogbo ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ sídìí àdúrà. J. B. Ṣàdárè ni aṣáájú wọn, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni orúkọ wọn. Olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn. Ó ní ohùn kan sọ fún òun pé omi òjò yóò wo aláìsàn sàn. Ìwé àdúrà tí wọ́n ń kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá dára, àmọ́ ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru ń wá Ọlọ́run tí yóò dáhùn kílẹ̀ tó mọ́. Lójú àwọn wọ̀nyí, ẹni tó bá ní Ọlọ́run kì í sọ̀rọ̀ mọ́, etí tirẹ̀ ló dí.

Àwọn kejì ní Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 1884 tí odindi Bíbélì ti wà lédè Yorùbá látọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, àgbẹ̀ àti alájàpá tó bá mọ̀wé lè fojú ara wọn kà á. Ẹni tó fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí, tó wá ń wá ohùn kiri orí òkè, dà bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí, tí kò tú u wò, tó wá ń ráhùn pé bàbá òun ti gbàgbé òun.

Wọ́n tún ní ohùn tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò léwu. Arákùnrin kan á ní Olúwa ti fi arábìnrin kan hàn òun pé aya òun ni; kò ní pẹ́ tí arákùnrin mìíràn á fi gbé irú ìran yẹn dé lórí arábìnrin kan náà. Ìyá arúgbó á di àjẹ́ nílé ọmọ tó bí nítorí pé aríran la ẹnu. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru á da oògùn rẹ̀ nù. Ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run jiyàn? Ẹni tó bá ti ní "Olúwa wí" ti tìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìbéèrè. Wọ́n á wá rán wa létí ènìyàn Ọlọ́run tó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 13. Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ, kó má mu ní Bẹ́tẹ́lì. Àgbà wòlíì kan parọ́ fún un pé áńgẹ́lì ní kó padà wá jẹun. Ó padà, ó jẹun, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà. Etí ọkùnrin yìí kò dí rárá. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ló pa á.

Kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi òjò. Lọ́dún 1918, oògùn òyìnbó kò rí lùkúlùkú ṣe, ohùn náà sì fún àwọn tí ìrètí ti pin fún ní ohun tí wọn yóò dì mú. Àmọ́ kíkọ oògùn sílẹ̀ di òfin láàárín àwọn oníjọ àdúrà wọ̀nyí, àwọn tí à ń pè ní aládúrà. Láwọn ọdún 1930, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì dé láti Bìrìtéènì láti ran àwọn aládúrà lọ́wọ́, àwọn aládúrà sì bá kuníìnì, oògùn ibà, lọ́wọ́ àwọn àlejò náà. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí oògùn yẹn wà lára ohun tó pín wọn níyà, tí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) fi dá dúró. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gbọ́ fún ọjọ́ kan ti wá ń bá oògùn ibà jà lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn oníwèé náà kò mọ́ tónítóní. Bíbélì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹsẹ rẹ̀ gbèjà òwò ẹrú. Wọ́n ń kà á, wọn kò gbọ́ ọ. Kò sì sí ẹsẹ tó máa sọ fún ẹni tó ríṣẹ́ sí Kàdúná bóyá kó lọ, tàbí kó dúró ti ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

Nídìí iṣẹ́ gan-an, wọn kò jìnnà síra tó bí ẹnu wọn ṣe ń sọ ọ́. Josiah Oṣítẹ̀lú, tó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè, máa ń kọ ìran rẹ̀ sínú ìwé. Ìjọ Deeper Life tí William Kúmúyì fi èèyàn 15 bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó lọ́dún 1973, ẹ̀kọ́ Bíbélì ni, síbẹ̀ wọ́n ń gbàdúrà ìwòsàn níbẹ̀. Ẹni tó ń ríran ń kọ̀wé. Ẹni tó ń kàwé ń retí ìdáhùn.

Èdè wa pàápàá ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Gbọ́" kò mọ sí kí ohùn wọ etí. Ẹni tó gbọ́ èdè ni èdè yé. Ẹni tó gbọ́ràn ló ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Yorùbá sì ya adití sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ní etíkunkun: a máa ń ṣàánú ti àkọ́kọ́, a máa ń bá èkejì wí. Àwọn àgbà tún ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Àbí kì í ṣe ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi dití? À ń ṣe ìṣọ́ òru látìgbà tílẹ̀ ti ṣú títí di ìdájí, ìlù ń dún, gbohùngbohùn ń ké, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀?

Ìtàn Sámúẹ́lì ló là á yé mi jù. Ọmọ náà gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ ẹni tó ń pè é. Élì, àlùfáà tí ojú rẹ̀ ti ṣú, kò gbọ́ nǹkan kan, òun ló mọ ẹni tó ń pe ọmọ náà. Etí ọmọ kò tó, ọgbọ́n àgbà kò tó. Wọ́n nílò ara wọn. Iṣẹ́ tí ohùn náà rán Sámúẹ́lì kò sì fi ìyàwó, owó tàbí ọkọ̀ tuntun jíǹkí rẹ̀. Ìdájọ́ ni, lórí ilé ọ̀gá tó ń tọ́ ọ. Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́. Élì ní kó sọ ọ́, ó sì gbà á.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè dá ẹnì kan láre kí n dá ìkejì lẹ́bi pátápátá. Ohùn tí kì í sọ ju ohun tí a ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ, ká fura sí i, ì báà jẹ́ lójú ìran ló ti wá, ì báà jẹ́ látinú ẹsẹ tí a fúnra wa ṣà jọ. Èyí tí a bá gbé síwájú Ìwé Mímọ́ àti àgbà tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run, tó ní ká san gbèsè, ká tọrọ àforíjì, ká dá ohun olóhun padà, irú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ tiwa.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ tuntun lálẹ́ òní, ẹ rántí èyí tó kẹ́yìn tó dá yín lójú pé ẹ gbọ́. Bóyá àbúrò kan ni ẹ ti pa tì látọdún mẹ́ta. Ẹ pè é ná.