Ẹ Má Jẹ Ayaba Yẹn O!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta chess lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra o! Stafford Gambit, tí Eric Rosen ọmọ Amẹ́ríkà sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n náà ò dáa, torí pé dúdú ti sọ ọmọ-ogun kan nù látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nínú eré ìṣẹ́jú 3, ta ló ráyè ronú? Dúdú á fi ayaba ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé. Funfun á gbé e mì káló. Kó tó ṣẹ́jú, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ẹṣin kan ti pa ọba ẹ̀! Ẹni tó bá tètè gbé bíṣọ́ọ̀bù síwájú ọba tiẹ̀ ló máa jẹ ọmọ-ogun ọ̀fẹ́. Ọ̀pẹ̀ ló ń kú síbẹ̀, ọ̀ta kì í jẹ ìjẹkújẹ.