Ẹ Má Torí Ogun Yọ Dick Tiger Nípò Kìíní

Bí ẹ bá ní kí n to àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí Nàìjíríà ní láti 1957 sí 1970, Dick Tiger ni n óò fi síwájú, Hogan Bassey yóò tẹ̀lé e, Rafiu King yóò ṣe ìkẹta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìbàdàn níhìn-ín kò ní gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mọ́lẹ̀té, tí òun náà kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe, kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Àbúrò, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló nipò kìíní. Bassey ni."

Lóòótọ́, Bassey ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọmọ Calabar náà, kúkúrú bí ẹ ṣe rí i yẹn, lu Cherif Hamia ní Paris ní oṣù kẹfà 1957, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé, ọdún mẹ́ta kí òmìnira tó dé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó na Willie Pep, ògbólógbòó tí ọjọ́ ti ń lọ lórí rẹ̀, ní Boston. Ṣùgbọ́n adé náà kò pé ọdún méjì lórí rẹ̀ tí Davey Moore fi gbà á. Wọ́n tún pàdé nínú ọdún 1959 kan náà, Moore tún borí. Mo bọ̀wọ̀ fún Bassey, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, títètèdé yàtọ̀ sí pípẹ́ níbẹ̀.

Tiger pẹ́ níbẹ̀. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Amaigbo. Nígbà tó dé Liverpool ní 1955, ìjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kọ́kọ́ jà nílùú òyìnbó ni wọ́n fi nà án. Ẹlòmíràn ìbá ti wọkọ̀ ojú omi padà. Ní oṣù kẹwàá 1962, ó gba adé ìsọ̀rí ìwọ̀n àárín lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco. Wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas ní oṣù kejì 1963, ó wá di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, ní Liberty Stadium tiwa yìí. Bàbá mi wà níbẹ̀. Ó ní láti abala kìíní ni Tiger ti ń tẹ̀ lé òyìnbó ará Utah náà káàkiri, tí kò fún un láyè mí. Lẹ́yìn abala keje, àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer kò jẹ́ kó jáde mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jìjà adé àgbáyé ní Nàìjíríà.

Joey Giardello gba adé náà ní ìparí ọdún yẹn, ó sì jẹ́ kí Tiger dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ ọdún méjì kí ó tó fún un láyè láti bá a jà padà. Tiger kò jókòó. Ní oṣù karùn-ún 1965 ó lu Rubin Carter bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ní oṣù kẹwàá ó gbadé rẹ̀ padà. Emile Griffith tún gbà á ní 1966. Kí ọdún náà tó parí, ọkùnrin ẹni ọdún 37 yìí bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tó sanra jù ú lọ, ó sì gbadé lọ́wọ́ José Torres ní New York. Adé àgbáyé ní ìsọ̀rí méjì! Àwọn tó ń ka ìjà 19 tó pàdánù sí mi létí, kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó bá jà pẹ̀lú. Bob Foster nìkan ló gbá a tí kò lè dìde kí kíkà tó parí.

Rafiu King ja abala 15 pẹ̀lú Sugar Ramos ní Mexico City, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìjà Ìbàdàn. Wọ́n dá Ramos láre, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló jìjà adé àgbáyé rí? Nojim Maiyegun tó gba bàbà ní Tokyo ní 1964, àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, kì í ṣe ẹni ìgbàgbé rárá. Kò tíì máa jà fún owó nígbà náà ni mi ò ṣe kà á mọ́ wọn.

Ohun tí wọn kì í sọ síta ni ogun abẹ́lé. Tiger ti Biafra lẹ́yìn, ó kọ́ àwọn ọmọ ogun wọn ní eré ìdárayá, ó sì dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí ohun ìjà tí wọ́n ń tà fún Nàìjíríà. Èyí ni àwọn kan fi ń fà á sẹ́yìn. Ilé rẹ̀ wà lójú ogun, ebi ń pa ọmọdé níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kó dákẹ́, kó sọ ibi tí òun náà ìbá dúró sí. Lójú tèmi, oyè tó dá padà yẹn fi kún iyì rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú un, ó padà sílé, ó sì kú ní Aba ní oṣù Kejìlá 1971, ọmọ ọdún 42.

Orúkọ Awólọ́wọ̀ ló wà lára Liberty Stadium báyìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ kọ ti Tiger náà sí ẹnu ọ̀nà, gàdàgbà, pẹ̀lú ọjọ́ ìjà náà, kí wọ́n má sì dúró de ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó ṣe é.