ÀWÒRÁN ÒṢÙPÁ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ OṢÙ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi pamọ́. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 29 oṣù Sha'baan bá pé, kí a tó kí ìrun Maghrib tán ní Ṣàgámù ni àwòrán òṣùpá ti ń rìn láti orí fóònù kan dé òmíràn pé, "Oṣù ti lé!" Ta ni ó yà á? Níbo? Ní ọjọ́ wo? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Síbẹ̀, àwọn kan á ti máa múra sààrì.

Ọlọ́hun ti pàṣẹ nínú Súúrátul-Hujuraat pé bí arúfin bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀. Fóònù kò ní ẹ̀rí-ọkàn, kò sì lè búra. Ní ọdún 2023, ẹnì kan gbé àwòrán òṣùpá tí ó ṣe bàìbàì sí ojú kọ̀ǹpútà, ó fi fóònù Samsung yà á. Fóònù náà fi àwọn àmì tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ṣé irú ẹlẹ́rìí yìí ni a ó fi gba ààwẹ̀?

Àwọn mìíràn ní kámẹ́rà ríran ju ojú lọ. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ní 8 July 2013, Thierry Legault ya òṣùpá Ràmàdánì 1434 ní ilẹ̀ Faransé ní ìṣẹ́jú gan-an tí oṣù àtijọ́ parí tí tuntun bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aago tiwa jẹ́ 8:14 òwúrọ̀, tí oòrùn ti ràn. Ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí i. Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, so ààwẹ̀ mọ́ rírí oṣù; bí kùrukùru bá bò ó, kí a ka ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Tálákà àti olówó ni ó fi èyí lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀rọ nìkan.

Ǹjẹ́ kí a wá sọ kámẹ́rà nù? Rárá o! Àwọn àlùfáà kan ń pe ọ̀dọ́ tí ń ya òṣùpá àti ìràwọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ní awòràwọ̀. Wọ́n ṣì í. Awòràwọ̀ ní ìràwọ̀ ni ó ń pín kádàrá, ìsẹbọ nìyẹn. Ẹni tí ń ya òṣùpá ń wo iṣẹ́ Ọlọ́hun, Ẹni tí ó fi ibùsọ̀ sí ọ̀nà òṣùpá kí a lè mọ òǹkà ọdún. Òṣùpá kò sì ní ẹ̀mí tí a ó fi pe àwòrán rẹ̀ ní èèwọ̀. Mùsùlùmí ni Al-Battani, tí ó wọn ìrìn oòrùn àti òṣùpá ní ìlú Raqqa ní ohun tí ó lé ní 1,100 ọdún sẹ́yìn. Kòtò ńlá kan lójú òṣùpá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni yóò pa irọ́. Àwọn baba wa mọ Àgùàlà tí ń bá oṣù rìn. Bí a bá fi kámẹ́rà alágbára wò ó, ìgbà mìíràn wà tí Àgùàlà fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Aláìmọ̀ á pariwo. Ẹni tí ó ti ń yà á láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Makun tàbí Ọ̀fín kò ní ṣì í mú.

Nítorí náà, ẹ ya òṣùpá, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti yà á sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 29, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wá a ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó tọ lèmọ́mù rẹ̀ lọ láti jẹ́rìí. Kí ó má ṣe tọ fóònù lọ.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo hàn wá ní òdodo. Àmín.