Pápá gọ́ọ̀fù gbogboogbò ní Lẹ́kkí: Kí ni yóò kan oníṣòwò kékeré níbẹ̀?

Bí èèyàn bá dárúkọ gọ́ọ̀fù fún ìyá olóúnjẹ kan ní Ajah, ohun tó máa sọ ni pé eré olówó nìyẹn. A kò lè bá a wí. Ti ọmọ ẹgbẹ́ ni pápá Ikoyi Club 1938 àti ti Ikeja Golf Club. Lakowe Lakes, tí èèyàn máa bá lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tó bá ti kọjá Ajah, inú ọgbà ilé gbígbé ló wà. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé agbègbè yìí nílò pápá gbogboogbò, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè sanwó ọjọ́ kan péré kó sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo bí pápá náà ṣe máa ń rí. Ihò 18 ni èyí tó pé ní. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ó ní koríko gígùn gbọọrọ tí wọ́n gé láàárín, àti koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ pátápátá níbi tí àsíá dúró sí. Kòtò iyanrìn àti adágún omi ló ń dá ọ̀nà rú mọ́ ẹni tí kò bá gbá a dáadáa.

Iṣẹ́ ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé koríko nílò mẹkáníìkì. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì lè ta koríko àti igi. Àwọn ọ̀dọ́ yóò máa gbé báàgì, àwọn kan yóò máa ṣa bọ́ọ̀lù tó bọ́ sómi tà. Olóúnjẹ, télọ̀ àti alágbàfọ̀ náà yóò rí ti wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Pápá oníhò 18 lè gba nǹkan bí éékà 150. Bí a bá ka pulọ́ọ̀tì mẹ́fà sí éékà kan, pulọ́ọ̀tì 900 nìyẹn. Ta ni yóò yọ̀ǹda rẹ̀ ní Lẹ́kkí? Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé oníhò mẹ́sàn-án ti tó, nítorí ìdajì ilẹ̀ náà ni yóò gbà. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ wó ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Omi ni ìṣòro kejì. Ààrin ọ̀sà àti òkun ni Lẹ́kkí wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ adágún pápá náà dáadáa, yóò gba díẹ̀ lára omi òjò dúró kó tó dé títì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi iyanrìn kún pápá náà kó lè ga ju àdúgbò lọ, ṣọ́ọ̀bù yín ni omi yóò wá sùn. Ẹ béèrè ètò ìṣàn omi kí katakata tó dé.

Àwọn kan á ní gọ́ọ̀fù kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Ṣé wọ́n gbọ́ nípa St Andrews ní Scotland? Ilẹ̀ iyanrìn létí òkun, bíi tiwa, ni wọ́n ti ń gbá a níbẹ̀. Òfin ọdún 1974 gbé ìtọ́jú àwọn pápá náà lé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́ kó lè máa jẹ́ ti gbogboogbò. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá tó lókìkí jù níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ló máa ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí rẹ̀.

Bí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ kan bá gbé irú iṣẹ́ yìí dé, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà má dúró de ọjọ́ ìṣílé. Kí wọ́n béèrè àyè ìtajà tí owó rẹ̀ kò ga lẹ́nu géètì, kí wọ́n sì gbà á ní àkọsílẹ̀ pé ẹni tó bá kó ọjà wọlé yóò gba owó rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ni gbèsè ilé iṣẹ́ ńlá ti sọ di ẹdun arinlẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.